Aró tí kì í ṣá: ìtàn kírísítálì olómi, láti ara kárọ́ọ̀tì dé inú igbó wa

Ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó la sábà máa ń jọ kà. Ti òní jẹ́ ìtàn àwọ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ igbó wa àti òwú wa wà nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé aró máa ń ṣá. Àdìrẹ tó dúdú minimini lọ́jọ́ tí a rà á, bí a bá ń fọ̀ ọ́ tí a sì ń sá a sóòrùn, bó pẹ́ bó yá, àwọ̀ rẹ̀ á lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1974, wọ́n ká èso igbó kan ní ilẹ̀ Ghana, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ọgbà Kew ní London, níbi tí wọ́n ń kó ewé àti èso gbígbẹ láti gbogbo ayé pa mọ́ sí. Ní ọdún 2012, lẹ́yìn ọdún 38, èso náà ṣì ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ tuntun, búlúù rẹ̀ kò dín rárá. Àwọn onímọ̀ wá aró búlúù nínú rẹ̀, wọn kò rí. Orúkọ tí wọ́n ń pe ewéko náà ni Pollia condensata, abẹ́ igi ńlá nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń hù.

Báwo ni ohun tí kò ní aró ṣe wá ní àwọ̀ tó borí aró? Ká tó dáhùn, ó yẹ ká rìn díẹ̀ nínú ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo wa mọ̀. Bí òjò bá dá, tí kpayo díẹ̀ kán sórí omi tó dá ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àwọn tó ń tà á nínú ìgò, kí la máa ń rí? Òṣùmàrè ni: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, tí wọ́n ń yí bí a ṣe ń yí orí. Kpayo tó wà nínú ìgò kò ní àwọ̀ wọ̀nyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi títí ó fi fẹ́lẹ́ gan-an. Ìmọ́lẹ̀ kan ta padà láti òkè rẹ̀, òmíràn ta padà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, àwọ̀ kan á lágbára sí i, òmíràn á pa rẹ́. Bí ó bá ṣe nípọn tó ló ń pinnu àwọ̀ tí ojú yóò rí. Àwọ̀ báyìí kò ti inú aró wá, inú ètò ara nǹkan náà ló ti wá. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àwọ̀ ètò.

Ó wá di ọdún 1888. Friedrich Reinitzer jẹ́ onímọ̀ ewéko ní ìlú Prague. Ó yọ kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù láti ara kárọ́ọ̀tì, ó sọ ọ́ di èròjà mìíràn, ó sì gbé e ka iná kó lè mọ ìwọ̀n ooru tó fi ń yọ́. Ohun tó bá mọ́ gaara, ìgbà kan ṣoṣo ló ń yọ́. Yìnyín, fún àpẹẹrẹ, 0 digíríì ló ń di omi. Ṣùgbọ́n èròjà Reinitzer yọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní digíríì 145.5, ó di ohun tó ń ṣàn, àmọ́ ó rí bí omi ògì, kò ṣe é rí òdì kejì rẹ̀. Nígbà tó dé digíríì 178.5, ó mọ́ kedere lójijì. Bó sì ṣe ń tutù padà, àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ àlùkò ń kọjá lójú rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi aró sí i.

Reinitzer mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju òun nìkan lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún yẹn, ó kọ lẹ́tà sí Otto Lehmann ní ìlú Aachen ní Jámánì. Lehmann ní máíkírósíkóòpù kan tó lè mú nǹkan gbóná lábẹ́ rẹ̀, ó sì ní asẹ́ ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi máa mì sí ojú kan ṣoṣo. Ó wò ó títí, ó rí i pé nǹkan náà ń ṣàn bí omi, àmọ́ ohun tó ń ṣe fún ìmọ́lẹ̀ jọ ohun tí òkúta kírísítálì ń ṣe. Ní 1889, ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó pe nǹkan náà ní kírísítálì tó ń ṣàn. Ibẹ̀ ni orúkọ tí a mọ̀ lónìí ti wá, kírísítálì olómi.

Àwọn àgbà kò gbà. Ẹ wo òrí tí àwọn ìyá wa ń pò. Òrí kì í yọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ńṣe ló ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí oríṣiríṣi ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀. Gustav Tammann, ògbóǹtarìgì onímọ̀ kẹ́místrì, sọ pé irú rẹ̀ ni ti Reinitzer: omi méjì tí kò fẹ́ dà pọ̀ ni wọ́n rí, tàbí kí ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Kò sí àbùkù nínú iyèméjì yẹn, torí ohun tó dà bí omi ògì, ó yẹ kéèyàn fura sí i. Ṣùgbọ́n Daniel Vorländer àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìlú Halle ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́ọ̀rọ̀. Wọ́n wẹ̀ wọ́n mọ́, ìyọ́ ẹ̀ẹ̀mejì náà kò lọ. Wọ́n dárúkọ Lehmann lọ́pọ̀ ìgbà fún ẹ̀bùn Nobel, kò gbà á títí ó fi kú ní 1922.

Ọdún 1922 yẹn gan-an ni ará Faransé kan, Georges Friedel, kọ ìwé gígùn tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ó pín àwọn ohun wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó pe àkọ́kọ́ ní nématique, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìsì tó túmọ̀ sí òwú, nítorí pé lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó dà bíi pé òwú wà nínú rẹ̀. Ó pe èkejì ní smectique, láti inú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ọṣẹ. Ẹ̀kẹta ni cholestérique, tó fi rántí èròjà Reinitzer. Ọmọ tó bá ń lọ sí CEG ní Gouka tàbí ní Bantè lè ka ìwé Friedel ní èdè tó fi kọ ọ́. Àǹfààní nìyẹn tí ọmọ Ìbàdàn kò ní. Ọmọ Ìbàdàn náà sì lè ka èyí tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, Yorùbá ni wọn yóò fi sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta yìí ló ni àwọ̀. Àwọn mólíkù inú rẹ̀ gùn bí igi ìdáná, wọ́n sì tò ara wọn ní ìpele-ìpele. Gbogbo igi inú ìpele kan kọjú síbì kan náà. Ìpele tó wà lórí rẹ̀ yí díẹ̀. Èyí tó tún tẹ̀ lé e yí díẹ̀ sí i, títí wọn yóò fi yí po tán, bí okùn tí a lọ́. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000,000, ẹyọ kan níbẹ̀ là ń pè ní nánómítà. Bí lílọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bá jẹ́ nánómítà 300 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀, búlúù ni yóò ta padà sí wa lójú. Bí lílọ́ náà bá tú díẹ̀, tó gùn sí i, àwọ̀ á sún lọ sí àwọ̀ ewé, á sún lọ sí pupa. Ooru lè tú u, ooru sì lè fún un. Ohun tí Reinitzer rí nígbà tí nǹkan rẹ̀ ń tutù nìyẹn.

Okùn lílọ́ ní ọwọ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lọ́ okùn àti ẹni tó ń fi òsì lọ́ ọ, okùn wọn kò lè bára mu láéláé, bí bàtà ọ̀tún kò ṣe lè bọ́ sí ẹsẹ̀ òsì. Louis Pasteur ti rí irú rẹ̀ ní 1848, nígbà tó fi ọwọ́ ṣa kírísítálì kéékèèké kan tó sì pín wọn sí ọlọ́wọ́ ọ̀tún àti ọlọ́wọ́ òsì. Nígbà tó yá, Lord Kelvin fún ìwà yìí ní orúkọ tó yọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìsì fún ọwọ́. Kírísítálì olómi tó bá lọ́ sí òsì, ìmọ́lẹ̀ tó ń yí sí òsì ló ń ta padà, èyí tó ń yí sí ọ̀tún á kọjá lọ.

Àwa èèyàn kọ́ ló kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí. Ní 1911, Albert Michelson ará Amẹ́ríkà, tó ti gba Nobel ní 1907, wo ẹ̀yìn kòkòrò kan tó ń dán bíi wúrà, kòkòrò tó ní ìyẹ́ líle bíi ti ọ̀bọ̀nùnbọnùn. Ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ta láti ara rẹ̀ ń yí sí ọwọ́ kan, ó sì sọ pé ohun kan tó lọ́ bíi ti ìdè onílílọ́ ní láti wà níbẹ̀, tí ó kéré ju ohun tí máíkírósíkóòpù lè rí lọ. Ní àwọn ọdún 1960, Yves Bouligand ará Faransé rí lílọ́ náà nínú èèpo akàn. Akàn tí à ń sè lọ́bẹ̀ yìí náà ni.

Ọdún 80 kọjá lẹ́yìn Reinitzer kí ọ̀rọ̀ yìí tó di ti ọjà. James Fergason ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ lo èyí tó ní lílọ́ láti fi wo ooru ara, torí àwọ̀ rẹ̀ ń yí bí ooru ṣe ń yí. Ní 1968, ilé-iṣẹ́ RCA fi àwòrán tí George Heilmeier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kírísítálì olómi ṣe han ayé. Ní 1970, Martin Schadt àti Wolfgang Helfrich ní ìlú Basel lọ́ kírísítálì olómi ní ìdá mẹ́rin ìyípo láàárín gíláàsì méjì. Bí iná bá wọ̀ ọ́, lílọ́ náà á tú, ojú ibẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Ní 1973, George Gray ní ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe èròjà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a gbé e ka iná. Láti ìgbà yẹn ni aago olónọ́ńbà àti ẹ̀rọ ìṣirò ti kún inú ayé. Ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn ìyálọ́jà fi ń ka owó kajú ní ọjà Gouka, òun ni ọmọ kárọ́ọ̀tì Reinitzer. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán tí ojú rẹ̀ dúdú, tó wá padà bọ̀ sípò nígbà tó tutù, ìyọ́ kejì tí Reinitzer rí lẹ rí yẹn.

Ooru ń yí i padà, iná mànàmáná ń yí i padà. Ṣé ìmọ́lẹ̀ náà lè yí i padà? Níbí ni ìtàn ti padà sọ́dọ̀ aláró. Ọ̀pọ̀ nínú aró òyìnbó tó wà lára aṣọ ọjà wa wá láti ẹbí kan tí wọ́n ń pè ní azo. Bàbá ẹbí náà ni azobenzene, èròjà tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ọsàn pípọ́n. Ní 1937, G. S. Hartley rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan mólíkù rẹ̀ tó nà gbọọrọ, ó máa ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbọ̀nwọ́. Bí ó bá pẹ́ nínú òkùnkùn tàbí tí ìmọ́lẹ̀ mìíràn kàn án, á tún nà padà.

Ẹ rò ó wò: bí igi tó tẹ̀ bá wọ àárín ìdì igi tó tò dáadáa, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ètò á dàrú díẹ̀. Ní 1971, Erich Sackmann fi azobenzene sínú kírísítálì olómi tó ní lílọ́, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, àwọ̀ rẹ̀ yí. Ó tan ìmọ́lẹ̀ mìíràn sí i, àwọ̀ náà padà. Kò fi ọwọ́ kàn án, kò gbé e ka iná, kò fi wáyà sí i. Ní 2006, Ben Feringa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Groningen ní ilẹ̀ Netherlands fi mólíkù kan tó ń yí bí ẹ̀rọ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án sínú kírísítálì olómi, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 1% lọ. Bí lílọ́ náà ṣe ń yí, ó ń yí ọ̀pá gíláàsì tíńtín tó wà lójú rẹ̀, ọ̀pá tó tóbi ju mólíkù náà lọ ní ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Feringa wà lára àwọn mẹ́ta tó gba Nobel kẹ́místrì ní 2016. Lónìí, àwọn olùwádìí ń fi ọgbọ́n yìí wá gíláàsì fèrèsé tí yóò máa dá oòrùn padà fúnra rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Ẹni tó bá ti sun inú yàrá onípáànù ní Gouka nínú oṣù kẹta mọ ìdí tó fi yẹ ká máa fetí sí i.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sídìí èso wa. Silvia Vignolini, Beverley Glover àti Ullrich Steiner wà ní Cambridge nígbà ìwádìí náà, Paula Rudall sì wà ní Kew. Ní 2012 ni àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn kéde ohun tí wọ́n rí. Èèpo èso náà kún fún cellulose, èròjà tó wà nínú igi, nínú koríko àti nínú òwú. Cellulose náà lọ́ ní ìpele-ìpele, gẹ́lẹ́ bí ohun tí Friedel ṣàlàyé. Nígbà tí èso ń dàgbà ni ó tò bẹ́ẹ̀, ó wá gbẹ, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó ń dá nǹkan bíi 30% ìmọ́lẹ̀ búlúù padà, bí a bá fi wé dígí fàdákà. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé ẹyin-ara kan nínú èèpo náà lè lọ́ sí òsì kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́ sí ọ̀tún. Ìpele ara wọn kò sì nípọn bákan náà, ìdí nìyí tí àmì àwọ̀ ewé àti àlùkò fi ń tàn láàárín búlúù náà. Aró ń ṣá nítorí pé oòrùn ń ba mólíkù rẹ̀ jẹ́. Èso yìí kò ní aró tí oòrùn lè bà jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí lílọ́ náà bá wà, àwọ̀ náà wà.

Ọ̀rọ̀ òwú tí mo ṣèlérí rèé. Ní 1992, Jean-François Revol, Derek Gray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Montréal ní Kánádà fi ásíìdì gé cellulose sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi sínú omi, ó sì tò ara rẹ̀ ní lílọ́ láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Bí a bá jẹ́ kó gbẹ, ó lè di ohun pẹlẹbẹ tó ní àwọ̀ láìní aró. Nǹkan bíi 90% ara òwú ni cellulose. Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbin òwú jù ní Áfíríkà, àgbẹ̀ ilẹ̀ Collines sì wà lára àwọn tó ń gbìn ín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ jù nínú òwú yẹn ló ń lọ sókè òkun láìtíì di òwú rírán, ká má tíì sọ aṣọ. Bí àwọ̀ tí kì í ṣá bá wà nínú òwú, tí a sì ń ta òwú náà ní ìdì, a ń ta àwọ̀ náà pọ̀ mọ́ ọn láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó jinlẹ̀ jù sí mi ni àpótí tó wà ní Kew. Ẹ rò ó: èso náà ti wà nínú igbó láti ayébáyé. Àwọn baba ńlá àwọn ará Ghana ti kọjá lára rẹ̀, ẹyẹ ti ṣà á. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí ìmọ̀ jáde lára rẹ̀ ni pé ẹnì kan ká a, ó gbẹ ẹ́, ó kọ ibi tó ti ká a àti ọdún tó ká a, ẹlòmíràn sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 38. Àwa la ni igbó, àwọn ló ni àpótí. Igbó tó wà lọ́wọ́ wa náà sì ń dín kù. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Savalou sí Bantè rí oko kajú, ó sì rí àpò èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èmi kò bá àgbẹ̀ jà, ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí igi tó wó, ó yẹ kí ẹnì kan ti mọ orúkọ rẹ̀.

A kò sì ṣófo pátápátá. Ibi ìkówèé-gbígbẹ-sí ti orílẹ̀-èdè Benin wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi, ìwé ńlá tó ka ewéko ilẹ̀ Benin sílẹ̀ sì jáde ní 2006. Àwọn onímọ̀ wa lè gbẹ ewé, wọ́n sì lè fún un ní orúkọ Látìn. Ohun tí wọn kò lè rí nínú àpótí ni ohun tí àwọn ìyá wa Itcha ní Bantè ń pe ewé kan, àti ohun tí wọ́n ń pe èyí kan náà ní Kétu tàbí ní Ṣakí. Ẹnu àwọn àgbà nìyẹn wà, ó sì ń bá wọn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí igbó tàbí etí odò, iṣẹ́ kan rèé. Bí ẹ bá mọ èso, kòkòrò tàbí ìyẹ́ ẹyẹ kan tó ń dán tí àwọ̀ rẹ̀ kì í lọ bó ti wù kó gbẹ tó, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù nílé. Ẹ kọ orúkọ náà síbí bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an, kẹ́ ẹ sì kọ ìlú yín tẹ̀ lé e. Àwa yòókù á wò ó bóyá orúkọ kan náà là ń pè é ní ìhín àti ní ọ̀hún.